Aláǹtakùn Inú Sùpáchájà Bọ̀dá Jídé

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni, ní àárọ̀ Sátidé kejì nínú oṣù kọkànlá tó kọjá. Ó dá mi lójú, nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi láti mọ̀ bóyá mo lè dágbére kí n máa lọ sílé ni. Ká ní mo ti lọ! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì dá a lẹ́jọ́ fúnra yín.

Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ parí, mo wà lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Adó, mo ń wá iṣẹ́. Ọmọbìnrin ni mí, nítorí náà nígbà tí àwọn ọkùnrin ọgbà mẹkáníìkì ní Fájuyì bá ń pè mí ní "Ẹnjiníà", ẹ̀rín máa ń fara pamọ́ sínú ìpè náà. Mo máa ń jẹ́ wọn lóhùn. Kí ni kí n ṣe?

Ọkọ̀ kékeré bàbá mi ni mo gbé lọ síbẹ̀ kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ fi fẹ́ ṣẹ́, kò ní kọjá ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ti ṣe ìwádìí. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ ìdí mẹ́rin sí: ẹ́ńjìnì ti gbó, òkè Èkìtì pọ̀, epo tí à ń rà kò dára tó, taya rẹ̀ sì tóbi ju èyí tó yẹ lọ. Mo ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá ní òun ò gbà, kó mú ìṣirò tirẹ̀ wá.

Bàbá Ìkirun ló ni ọgbà náà. Ará Ìkirun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Adó kí wọ́n tó bí mi. Bí ó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ láti òdìkejì títì, á sọ àìsàn tó ń ṣe é fún ọ.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ni Bọ̀dá Jídé wọlé, pẹ̀lú ọkọ̀ pupa rẹ̀ onílẹ̀kùn méjì. Kò tíì paná ọkọ̀ tán tí Bọ̀dá Súlè fi dé pẹ̀lú dúdú tirẹ̀.

Mo ní, ó tán!

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Olùkọ́ ni Bọ̀dá Jídé, ọmọ Adó gidi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bọ̀dá Súlè, ó ń ta páànù àti ọ̀dà nítòsí Fájuyì. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Wọ́n tiẹ̀ gé ilẹ̀kùn kékeré kan sára ògiri náà kí àwọn ọmọ wọn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ìyàwó wọn jọ ra fíríìsà kan, wọ́n jọ ń ta ẹja.

Kí ló wá dé? Afẹ́fẹ́!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹ́ńjìnì ló ń mí. Bí afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lè jó epo tó, ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń fi ẹ̀rọ kan sínú ọkọ̀ eré tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ wọlé tipátipá. Ọ̀nà méjì ló wà. Sùpáchájà ni ti Bọ̀dá Jídé: bẹ́líìtì ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń yí i. Tọ́bò ni ti Bọ̀dá Súlè: èéfín tí ọkọ̀ fẹ́ tú dànù ló ń yí i.

Sùpáchájà kì í pẹ́ jí. Bó o ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló dáhùn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ nínú agbára tó fẹ́ fi kún. Tọ́bò kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀, àjẹkù ló ń jẹ, ṣùgbọ́n o ní láti dúró kí àjẹkù náà pọ̀ tó kó tó dìde. Ohun tí ìwé sọ nìyẹn. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì rí ìjà níbẹ̀.

Bọ̀dá Jídé ló kọ́kọ́ ṣí i. Ó na ìka sí ọkọ̀ dúdú.

"Súlè, kí tọ́bò tìẹ yẹn tó ya ẹnu kó tó na apá, èmi á ti dé Ìyìn, mo ti jẹun, mo ti fọwọ́."

Bọ̀dá Súlè kò tilẹ̀ wò ó. Ó ń bá Bàbá Ìkirun sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. "Bàbá, ẹ ò rí àwọn kan. Wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá wọn se ọbẹ̀, ó ń jẹ gbogbo ẹran inú ìkòkò, wọ́n ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá."

Àwọn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ pariwo. Ẹnì kan fi sípánà lu irin.

Tẹ́lẹ̀, eré ni. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á jọ lọ mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, ìyàwó Bọ̀dá Súlè bímọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, Bọ̀dá Jídé kò sì lọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lọ. Wọ́n ní Bọ̀dá Súlè ti sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn pé ọkọ̀ Jídé ń pariwo bí ẹ̀rọ ata. Bọ̀dá Jídé ra àgádágodo, ó fi í ti ilẹ̀kùn kékeré ara ògiri.

Ẹ gbọ́ ná. Àgádágodo! Nítorí afẹ́fẹ́!

Bàbá Ìkirun nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó ní ariwo yìí ti tó gẹ́ẹ́. Òkè ń bẹ lọ́nà Ìyìn, aago ń bẹ, Ẹnjiníà náà sì ń bẹ. Kí kálukú gun òkè náà, kí n wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aago. Ẹni tó bá pẹ́ jù ni yóò gún iyán fún gbogbo ọgbà, ní gbangba. Láti ọjọ́ náà lọ, yóò pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

"Èmi?" Bọ̀dá Jídé gbá àyà. Bí inú bá ti ń bí i, Èkìtì máa ń gorí ahọ́n rẹ̀, ilé a di ulé, iṣu a di uṣu. "Èmi, kí n gún uṣu fún ará Ògbómọ̀ṣọ́?"

"O ò tíì pàdánù, o ti ń wá ọmọ odó," ni Bọ̀dá Súlè dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bí òun bá pàdánù, òun á gún un, kò sóhun tó le níbẹ̀. Ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé bí Jídé bá pàdánù, ìtìjú á mú un, ilẹ̀kùn yẹn kò sì ní ṣí mọ́ láéláé. Ó ní Fàrídà ọmọ òun a máa lọ dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà láràárọ̀.

Ẹ wá rí èmi tí n kì í sọ̀rọ̀. Ìbárẹ́ ọdún méjìlá wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ yẹ ọkọ̀ méjèèjì wò kí a tó lọ. Bọ̀dá Jídé bi mí bóyá mo rò pé ọkọ̀ jíjí ni. Mo ní rárá o, onídàájọ́ tí kò bá wo ohun tó fẹ́ dá lẹ́jọ́, aláfẹnusọ lásán ni. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún mi, ó bá àwọn èèyàn lọ sí abẹ́ igi, ó ń ṣe àkàwé bí sùpá ṣe máa ń fa èèyàn mọ́ ìjókòó.

Mo tẹjú mọ́ iwájú ẹ́ńjìnì. Púlì sùpáchájà nìyẹn, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì máa ń yí. Mo wá bẹ́líìtì, n kò rí i.

Mo tún wá a. Mo fi iná fóònù wò ó.

Kò sí bẹ́líìtì. Aláǹtakùn ló wà níbẹ̀. Ó ta okùn rẹ̀ láti ara púlì náà dé ara irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó sáàárín, ó sanra, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Eṣinṣin mẹ́ta tó ti gbẹ ló wà nínú àwọ̀n rẹ̀. Mo kà wọ́n. Ohun tó bá ń yí kì í gba aláǹtakùn lálejò, àbí? Púlì yìí kò tíì yí láti ìgbà pípẹ́!

Láti abẹ́ igi mo ń gbọ́ ohùn Bọ̀dá Jídé: "Bó bá ti ké wíììì báyìí, sùpá ti wọlé nìyẹn!"

Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé jẹ́jẹ́. Ṣé ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀? Bóyá. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò. Bí mo bá sọ ọ́ nígbà náà, Bọ̀dá Jídé nìkan ni ìtìjú máa bá. Mo sì tún fẹ́ mọ bí àwíjàre ṣe ń rí nínú ọkọ̀ tí sùpá rẹ̀ ti kú. Ẹ má bínú sí mi.

Mo lọ sídìí ọkọ̀ dúdú. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára tọ́bò, tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí èéfín bá pọ̀ jù, kí tọ́bò má bàa yí kọjá agbára rẹ̀. Mo wá ilẹ̀kùn náà rí. Wáyà, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin, ni wọ́n fi so ó sílẹ̀ gbayawu. Ẹ yé e: gbogbo èéfín ń gba ibẹ̀ sá lọ, tọ́bò wà níbẹ̀ lásán, bí àlejò tí wọn kò gbé oúnjẹ fún.

Mo gbé ojú sókè. Bàbá Ìkirun ń wò mí. Nígbà tí ojú wa pàdé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo tún rí ohun kan. Sìstá Bùnmi, ìyàwó Bọ̀dá Jídé, àti Ìyá Fàrídà, ìyàwó Bọ̀dá Súlè, ti dé pẹ̀lú iṣu àti odó. Ta ló ránṣẹ́ sí wọn, n kò mọ̀. Odó kan ni wọ́n gbé wá. Ọmọ odó méjì ni. Ẹnì kan ni yóò pàdánù, kí ni wọ́n fẹ́ fi èkejì ṣe? Mo fi í sínú.

A lọ. Láti orí afárá kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè títí dé ìdí igi kajú kan lókè, ibẹ̀ ni mo fi ṣe ààlà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe papọ̀, kí a má bàa pa ara wa.

Bọ̀dá Jídé ló kọ́kọ́ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́. "O gbọ́ ọ? Wíììì! Sùpá nìyẹn! O rí bó ṣe ń fà ọ́ mọ́ ìjókòó?"

Ohun tó fà mí mọ́ ìjókòó ni bẹ́líìtì ìjókòó. Ohun tó ń ké wíììì, mo gbọ́ ọ nígbà tó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́: ẹ̀rọ tó ń mú ọwọ́ ọkọ̀ rọ̀ ni, omi rẹ̀ ti fẹ́ tán. Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, Bọ̀dá." Irọ́ kọ́. Mo gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin.

Ó kan Bọ̀dá Súlè. Òun kò pariwo, ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n ṣe sùúrù, tọ́bò ń kó ara rẹ̀ jọ ni. A dé àárín òkè, ó ṣì ń kó ara rẹ̀ jọ. Ìgbà náà ni pikọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan tó kó àpò ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀ dé ẹnu kọjá wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kọjá wa! Bàbá arúgbó tó ń wà á yọ orí, ó béèrè pé ṣé epo ló tán fún wa ni.

"Ẹ máa lọ, Bàbá," ni Bọ̀dá Súlè dá a lóhùn. "Ó ń bọ̀ wá jí."

A dé ìdí igi kajú. Kò jí.

Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà.

Nígbà tí a padà dé ọgbà, Bọ̀dá Jídé já fóònù tí mo fi ka àkókò gbà lọ́wọ́ mi. Ó rí nọ́ńbà méjèèjì. Ó fò! Olùkọ́ tó ń na ọmọ nítorí ariwo! Ó ń jó yí odó ká, ó ń béèrè ibi tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà kó wá gba ọmọ odó.

Bọ̀dá Súlè bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sápò, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó na ọwọ́ sí ọmọ odó. Mo rí ojú rẹ̀, n kò sì lè gbà á.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò tíì dájọ́."

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Bóyá nítorí ohun tí mo sọ ni, bóyá nítorí pé mo sọ̀rọ̀ ni, n kò lè fi dá yín lójú.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa, mo fi iná sí i. Mo ní kí Bọ̀dá Jídé wá fi ọwọ́ rẹ̀ kan bẹ́líìtì tó ń yí sùpáchájà rẹ̀. Ó tẹ̀ ba. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó wò bí ẹni tó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sọ fún un pé ọ̀rẹ́ náà ti kó lọ láti ọdún tó kọjá.

"Aláǹtakùn ni," ló sọ.

Bọ̀dá Súlè bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Jídé! Aláǹtakùn ló ń bá ọ yí i!" Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, mo wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú, mo fi wáyà bíríkìlà hàn án.

Ẹ̀rín náà dúró lójijì, bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀.

Mo ní ìdájọ́ mi rèé: sùpáchájà kò borí tọ́bò, tọ́bò kò borí sùpáchájà, nítorí pé kò sí èyí tó wá síbi ìdíje nínú wọn. Àwọn méjèèjì ló pàdánù. Kí wọ́n jọ gún un.

Gbogbo wa yíjú sí Bàbá Ìkirun. Ó nu ọwọ́, ó tún un nù. Ó ní lóòótọ́, òun ṣe báípáàsì fún méjèèjì, ìyẹn ni pé òun yọ wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ti tó oṣù mẹ́wàá. Bẹ́líìtì náà wà lórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù òun, kò sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún.

Ó wá wo ìhà ibi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu.

Sìstá Bùnmi kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ ti gbàgbé ọjọ́ tí ẹ kó àwọn ọmọ bọ̀ láti Ìyìn? Tí ẹ ń lé ara yín lórí òkè? Fàrídà wà lẹ́sẹ̀ mi, ó bì sí mi lára, ó ní kí n bẹ dádì òun kó má pa wá."

"A bẹ̀ yín, ẹ ò gbọ́," Ìyá Fàrídà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. "A wá bẹ Bàbá. A dín eré ọkọ̀ kù. A ò wá mọ ibi tí wọ́n ti ń dín ẹnu kù ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Jídé wo ọmọ tó wà lẹ́yìn Ìyá Fàrídà, ọmọ tí kò lọ sọ lórúkọ. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún un. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú ọmọ odó kan. Ó na èkejì sí Bọ̀dá Súlè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń gún iyán nílẹ̀ wa mọ̀ pé èèyàn méjì lè wà nídìí odó kan. Kí tìrẹ máa lọ sókè kí tèmi máa bọ̀ nísàlẹ̀ ni. Bí ọ̀kan bá kánjú, ọmọ odó á fẹnu ko ara wọn, ọwọ́ á ro yín. Bọ̀dá Jídé bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó sì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kí iṣu tó fọ́. Bọ̀dá Súlè ń tún ìdúró ṣe, ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé, gbogbo èèyàn ń kígbe pé kó jí. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí, kò ṣeé dá dúró mọ́!

"Sùpá rèé, tọ́bò rèé," ni Bàbá Ìkirun wí. Bí mo bá máa jẹ́rìí sí àfiwé kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni, nítorí pé mo jẹ iyán náà. Ó ní kókó díẹ̀.

Wọ́n bi mí nígbẹ̀yìn pé, Ẹnjiníà, èwo gan-an ló wá dára jù? Mo ní lórí òkè tó yí kọ́rọkọ̀rọ bíi tiwa, ìwé máa ń gbè sùpáchájà. Ní títì gbọọrọ, ó máa ń gbè tọ́bò. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò tíì gun èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì rí. Bàbá Ìkirun béèrè bóyá kí òun so wọ́n padà. Àwọn ọkùnrin náà wo àwọn ìyàwó wọn. Wọ́n ní kó fi í sílẹ̀ ná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo dọ́gbọ́n gba iwájú ilé wọn kọjá. Kò sí àgádágodo lára ilẹ̀kùn náà. N kò mọ ẹni tó ṣí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé etí máa ń gbọ́ ohun tí ẹnu ti ń sọ tipẹ́. Kí o tó búra fún ohunkóhun, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò.

Ibi tí ó sì yẹ kí n dúró sí nìyẹn, ká ní Bàbá Ìkirun kò pè mí padà lọ́jọ́ Sátidé náà, bí mo ṣe ń wọ ọkọ̀. Ó ní kí n bá òun kí màmá mi. Kí n sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Iṣẹ́ wo? Ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Mo rò ó títí mo fi délé, pẹ̀lú ọgọ́rin mi. Mo páàkì. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ibi tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré. Màmá mi wà ní fàráńdà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n kàn béèrè pé ṣé mo ti jẹun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ ti búra fún rí, tí ẹ kò yẹ̀ wò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ ká kápẹ́ẹ̀tì yín.

Igi ló wà lábẹ́ tiwa, òun ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n: ó nípọn tó ìka ọwọ́ mi méjì.